Èsì: Ìdí tí òwú fi ń ṣù jọ sábẹ́ aṣọ

Ẹ kú ìbéèrè yìí, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ ní òwú ń ṣù jọ sábẹ́ aṣọ ìbora onípele mẹ́ta tí ẹ ń fi máṣíìnì rán òdòdó sí, láti ìgbà tí ẹ ti padà sídìí ìránṣọ. Ohun tí ó ṣe èmi náà nìyẹn, nígbà tí mo gbé máṣíìnì mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ọdún 11.

Lọ́pọ̀ ìgbà, òwú ìsàlẹ̀ kọ́ ni ó jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ máṣíìnì tí a ń lò fún irú iṣẹ́ yìí kì í tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ pinpin, nítorí náà ó rọrùn láti gbàgbé láti sọ irin ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀. Bí irin náà bá sì wà lókè, àwọn àwo kékeré tí ń di òwú òkè mú yóò là sílẹ̀, òwú yóò sì máa tú lọ sísàlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ná.

Bí eyín tí ń fa aṣọ bá ti wà nísàlẹ̀, ọwọ́ yín ni yóò máa pinnu gígùn ojú rírán kọ̀ọ̀kan: bí ọwọ́ bá yára ju ẹsẹ̀ yín tí ń tẹ máṣíìnì lọ, yóò gùn jù, òwú yóò sì já. Ẹ lọ wo àwọn tí ń fi máṣíìnì ṣe ọnà sí ọrùn agbádá nílùú wa, bí ọwọ́ wọn ṣe ń yí aṣọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìdúró, tí ẹsẹ̀ wọn kò sì yí ìyára padà. Ọgbọ́n kan náà ni. Òun ni ó kọ́ mi jù.

Ẹ lo abẹ́rẹ́ nọ́ḿbà 14, kí ẹ sì fi ìgékù ańkárá dánra wò kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ ìbora gan-an.