Kí Ló Dé Tí Ẹnu Ọ̀nà Òkun Íńdíà Fi Kéré Báyìí?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, láti ìparí ọdún 2023 ni mo ti ń gbọ́ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ń sá fún Òkun Pupa, tí wọ́n sì ń gba ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kọjá. Ṣé Òkun Íńdíà kò ní ọ̀nà mìíràn ni? Kí ló sì wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń ká gbogbo ayé lára? – Òǹkàwé yín, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí ilẹ̀ ṣe yí òkun náà ká ni ìdáhùn ìbéèrè yín méjèèjì. Òkun Íńdíà ló ṣe ìkẹta nínú títóbi láyé, ó sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 70 kìlómítà onígun mẹ́rin, ṣùgbọ́n ó dà bí àpò tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí gúúsù: Áfíríkà wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, Indonéṣíà àti Ọsirélíà wà ní ìlà oòrùn, Íńdíà, Pakistan, Iran àti ilẹ̀ Lárúbáwá sì dí àríwá rẹ̀ pa.

Ilẹ̀ tó dí àríwá yìí ló ń darí afẹ́fẹ́ rẹ̀, èyí tí mo kà sí ọrọ̀ àkọ́kọ́ tí òkun náà ní. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, oòrùn a mú ilẹ̀ Éṣíà gbóná ju omi lọ, afẹ́fẹ́ a sì gbé òjò tí àgbẹ̀ Íńdíà fi ń gbin ìrẹsì wọlé láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Tó bá fi máa di oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ a ti tutù, afẹ́fẹ́ náà a sì yí padà sójú òkun. Ìyípadà yìí ni àwọn oníṣòwò Lárúbáwá, Íńdíà àti Swahili fi ń ta ìgbòkun lọ, tí wọ́n sì ń fi í ta á bọ̀, tí wọ́n ń kó wúrà àti eyín erin kúrò ní Kilwa ní etíkun ìlà oòrùn Áfíríkà, aṣọ òwú kúrò ní Gujarat, ata kúrò ní Malabar, tí àwọn méjèèjì wà ní Íńdíà, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Vasco da Gama, ará Pọ́túgà, tó gba atukọ̀ ní Malindi ní etíkun Kẹ́ńyà òní, tó sì gúnlẹ̀ sí Calicut ní Íńdíà ní ọdún 1498.

Lónìí, epo rọ̀bì ló gbapò iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja túnà ṣì ń bọ́ Maldives àti Seychelles. Ní ọdún 2023, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo tí gbogbo ayé ń lò ló gba ojú omi Hormuz, tó wà láàárín Iran àti ilẹ̀ Lárúbáwá, èyí tí kò fẹ̀ tó 40 kìlómítà níbi tó ti tóóró jù. Malacca, ọ̀nà omi tóóró tó wà láàárín Malaysia àti erékùṣù Sumatra ní Indonéṣíà, ni púpọ̀ nínú epo náà ń gbà dé Ṣáínà àti Jàpáánù. Bab el-Mandeb, ọ̀nà omi tóóró tó wà láàárín Yemen àti Áfíríkà, ló wọ Òkun Pupa, tó sì já sí ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1869.

Nígbà tí àwọn Houthi, ẹgbẹ́ ológun kan ní ilẹ̀ Yemen, bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu ọkọ̀ níbẹ̀, gúúsù tó ṣí sílẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ sá gbà, wọ́n sì fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ìrìn àjò wọn sí Yúróòpù. Ẹni tó ra ẹrù náà ló ń san owó epo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Malacca náà ní àfidípò, nítorí ọkọ̀ lè gba ojú omi Sunda tàbí Lombok ní Indonéṣíà. Hormuz nìkan ló le: ọkọ̀ tó bá kó epo ní Kuwait tàbí gáàsì ní Qatar kò ní ọ̀nà omi mìíràn tó lè gbà jáde.