Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Iléeṣẹ́ Fẹ́ Pawó Lórí Open Source, Àwọn Tó Jọ Kọ Ọ́ Ń Kọminú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ sọ́fítíwíà open source kan (ẹnikẹ́ni lè rí kóòdù rẹ̀, kó lò ó, kó sì yí i padà) lábẹ́ láísẹ́ǹsì MIT, ìyẹn ìwé àṣẹ ìlò rẹ̀. Àwọn bí ọgbọ̀n tí a kò mọ̀ rí ti fi kóòdù tiwọn kún un. Ní báyìí a fẹ́ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, agbẹjọ́rò wa sì ní kí gbogbo wọn fọwọ́ sí CLA, ìyẹn ìwé tó máa fún iléeṣẹ́ láṣẹ lórí kóòdù wọn. Inú ti ń bí àwọn kan. Ṣé dandan ni?

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe dandan. MIT ti gbà yín láyè láti ta sọ́fítíwíà náà, kódà láti gbé e sínú ọjà tí ẹnikẹ́ni kò ní rí kóòdù rẹ̀. Ohun tó béèrè kò ju pé kí ẹ má yọ orúkọ àwọn tó ni kóòdù àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà kúrò. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé CLA síwájú ẹni tó ti ń fi òru rẹ̀ tún kóòdù yín ṣe, ohun tó máa rí kà níbẹ̀ ni pé ẹ fẹ́ yí àdéhùn padà lọ́jọ́ kan. Ìbínú wọn nídìí.

DCO (Developer Certificate of Origin), ìyẹn ìjẹ́rìí kúkúrú tó ń bá kóòdù rìn, ni kí ẹ lò. Linux, sọ́fítíwíà open source ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti ń lò ó láti 2004. Ẹni tó ń fi kóòdù ránṣẹ́ kò gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń jẹ́rìí pé òun lòun kọ ọ́, tàbí pé òun láṣẹ láti mú un wá lábẹ́ láísẹ́ǹsì tí iṣẹ́ náà ń lò. Tó bá tẹ “git commit -s”, git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà kóòdù) á fi “Signed-off-by:” pẹ̀lú orúkọ àti ímeèlì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ commit náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àyípadà kan. Àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé -s yẹn. Bí ẹnì kan bá gbàgbé rẹ̀ lórí commit márùn-ún, ẹ má dá iṣẹ́ rẹ̀ nù: kó tẹ “git rebase --signoff HEAD~5” láti fi í sí márààrún, lẹ́yìn náà “git push --force-with-lease” láti tún wọn fi ránṣẹ́, ó parí.

ÌBÉÈRÈ: Èwo ni ká máa tà, èwo ni ká fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́?

ÌDÁHÙN: Ohun tí ẹnì kan nílò kí sọ́fítíwíà náà tó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí iléeṣẹ́ ńlá nìkan ń wá ni kí ẹ gbowó lé: wíwọlé pẹ̀lú SAML (ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ fi ń lo àkáǹtì iléeṣẹ́ rẹ̀ wọlé), àkọsílẹ̀ ẹni tó ṣe kí ni àti ìgbà tó ṣe é, ìtọ́jú lórí sáfà yín. Àtúnṣe ààbò kì í ṣe ohun títà rárá. Ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò san gbọ́dọ̀ rí i gbà lọ́jọ́ kan náà.

Ibi tó le jù ni ọjọ́ tí ará ìta bá kọ SAML fúnra rẹ̀, tó wá fi pull request (ìbéèrè pé kí ẹ gba kóòdù òun wọlé) ránṣẹ́. Bí ẹ bá dákẹ́ lé e lórí fún oṣù mẹ́fà, gbogbo ayé ló ń wò yín. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ ti kọ ọ́ sínú CONTRIBUTING.md (fáìlì ìlànà fún àwọn tó fẹ́ fi kóòdù kún un) pé apá báyìí-báyìí la ń tà. Ẹ dá a lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi ibi tó ti lè so ó mọ́ sọ́fítíwíà náà gẹ́gẹ́ bíi plugin (àfikún tó dá dúró) hàn án. Ẹ tún fún ó kéré tán ẹni méjì tí kì í gbowó oṣù lọ́dọ̀ yín láṣẹ láti merge, ìyẹn láti gba kóòdù wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Iléeṣẹ́ ńlá kan ń ta sọ́fítíwíà wa lórí sáfà rẹ̀, kò fún wa ní nǹkan kan. Ṣé ká yí láísẹ́ǹsì padà?

ÌDÁHÙN: Ẹ wo àwọn tó ti ṣe é ná. Elastic, tó ni sọ́fítíwíà Elasticsearch, kúrò lórí Apache 2.0 (láísẹ́ǹsì open source bíi MIT) ní 2021, àwọn mìíràn sì fi kóòdù rẹ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ OpenSearch. HashiCorp gbé sọ́fítíwíà rẹ̀, Terraform, lọ sórí BSL (láísẹ́ǹsì tí kò gba àwọn abánidíje láyè láti tà á) ní 2023, OpenTofu dé lọ́nà kan náà. Redis fi BSD (òun náà jọ MIT) sílẹ̀ ní March 2024, Valkey bẹ̀rẹ̀ lóṣù yẹn gan-an. Nígbà tó yá, Elastic (2024) àti Redis (2025) fi AGPL (láísẹ́ǹsì open source tó le ju MIT lọ) kún láísẹ́ǹsì wọn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ gba AGPL lọ tààrà. Lábẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá yí kóòdù náà padà, tó sì ń jẹ́ kí àwọn èèyàn lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù àyípadà rẹ̀. Ẹ̀dà tó ti jáde lábẹ́ MIT kò ṣeé gbà padà ṣá. Ẹ sì mọ̀ pé AGPL pẹ̀lú DCO so ẹ̀yin náà lọ́wọ́: kóòdù tí àwọn ará ìta bá mú wá látìgbà yẹn kò lè wọ inú ọjà tí ẹ tì pa. Ohun tó máa jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì mú kí títọ́jú rẹ̀ lórí sáfà sàn fún yín ju títa kóòdù lọ.

Láísẹ́ǹsì kò ní dáàbò bo orúkọ yín. Ẹ fi orúkọ sọ́fítíwíà náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí àmì òwò, kí ẹ sì kọ ìlànà rẹ̀ sójú ìwé kan: ẹni tó ń ta kóòdù láìyí i padà lè lo orúkọ náà; ẹni tó bá yí i padà, kó wá orúkọ mìíràn fún un.