Ọ̀rá àti èèpo ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìnkùlé mi

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, gàrí ni mò ń yan tà, èèpo ẹ̀gẹ́, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike omi táwọn àlejò Ojúde Ọba mu sílẹ̀ ti kún ẹ̀yìnkùlé, ṣé kí n dáná sun ún ni?

Ìdáhùn: Háà, àbúrò, má sun ọ̀rá o, èéfín ẹ̀ ò da fáyà rárá! Èèpo yẹn, sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú kó o tó fún ewúrẹ́, torí tútù ẹ̀ ní májèlé nínú. Ike ní tiẹ̀, kó o sápò ìrẹsì, àwọn tó ń rà á máa ń wọ̀n ọ́n ní kílò. Ọ̀rá ńkọ́? Lu ìdí ẹ̀ kómi lè máa jò, bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, fi gbin ata, méjìlá ló wà lójú fèrèsé mi báyìí, ìyàwó mi ti ń ráhùn.