Heian Jingu: ẹ má yí padà láti àgbàlá iwájú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ sí Kyoto ní Japan ní ìparí oṣù Kẹta nítorí òdòdó sakura, a sì fẹ́ dé ojúbọ Heian Jingu. Èló ni wọ́n ń gbà? Onígbàgbọ́ ni wá, ṣé dandan ni ká kí àwọn tí wọ́n ń bọ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Tí ẹ kò bá tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sún ìrìn náà sí oṣù Kẹrin. Sakura ìgboro lè ti tanná ní ìparí oṣù Kẹta lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti Heian Jingu máa ń pẹ́ díẹ̀. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, ẹ̀ka rẹ̀ á sì wọ́ sílẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ ní àgbàlá iwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ya fọ́tò níbẹ̀ tán, wọ́n á sì máa lọ. Ó máa ń dùn mí. Ilé pupa yẹn dára, àmọ́ 1895 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí 1,100 ọdún tí ọba Kanmu sọ Kyoto di olú ìlú. Ọgbà ẹ̀yìn, tí Ogawa Jihei, oníṣẹ́ ọgbà, ṣe, ni kí ẹ torí ẹ̀ wá. Apá òsì gbọ̀ngàn ńlá lẹ ó ti wọlé, nǹkan bíi 600 yen fún àgbàlagbà.

Nínú adágún àárín, wọ́n to òkúta rìbìtì-rìbìtì sójú omi, tí ẹ ó máa tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpó afárá àtijọ́ ni wọ́n, láti ayé Toyotomi Hideyoshi, jagunjagun tó ṣàkóso Japan ní ọ̀rúndún 16. Kí ìyàwó yín má wọ bàtà gogoro o! Tó bá jẹ́ oṣù Kẹfà lẹ wá, òdòdó iris aláwọ̀ àlùkò lẹ ó bá létí omi.

Kò sí dandan nínú ìjọsìn. Ẹ ṣáà má gba àárín ọ̀nà, ti àwọn kami, ìyẹn àwọn òrìṣà tí wọ́n ń bọ níbẹ̀, ni wọ́n kà á sí. Àwọn tó fẹ́ gbàdúrà á fọ ọwọ́ òsì, wọ́n á fọ ọ̀tún, wọ́n á sì fi omi yọ ẹnu. Wọ́n á ju owó ẹyọ sínú àpótí, wọ́n á tẹríba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún tẹríba lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ṣí fìlà, ó tán.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí ọgbà. Ẹ tètè dé, kí ẹ lè ráyè jókòó lórí afárá onórùlé tó wà lápá ìlà oòrùn kí èrò tó kún ibẹ̀.