Owó ilé-ìwé inú ìwé àdéhùn

Mọ́mì, ẹ kú oríire. Ẹ ní ẹgbẹ́ bẹ́sìbọ́ọ̀lù kan yan ọmọ yín, ọmọ ọdún 18, kò sì mọ̀ bóyá kí òun gba owó wọn tàbí kí òun lọ sí yunifásítì. Mi ò ní ní kó má gbà á. Èmi náà gbà á ní Texas, ní Amẹ́ríkà, ní 2013. Oṣù mẹ́ta ni bàbá mi fi bínú.

Owó ìfọwọ́síwèé yẹn, ìjọba á mú tiẹ̀, ẹ́jẹ́ǹtì á mú tiẹ̀. Ó wá ku owó oṣù. Nígbà tèmi, nǹkan bí 1,100 dọ́là ni, ìgbà tí ìdíje bá ń lọ nìkan ló sì ń wọlé. Nígbà tí a bá ń gbára dì ní oṣù kẹta, owó oúnjẹ nìkan la ń rí. Ó ti sàn díẹ̀: àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ní 2023 ní kí ẹni tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá gba 19,800 dọ́là lọ́dún, ó kéré tán, kí ẹni tó ku ìpele kan kó dé líìgì àgbà gba 35,800. Líìgì àgbà lókè gan-an ńkọ́? Ní 2025, ẹni tó gbowó kéré jù níbẹ̀ gba 760,000. Àlàfo yẹn ló ń yí èèyàn lórí.

Ajùbọ́ọ̀lù ni mí. Ọdún kẹta, iṣan ìgúnpá mi já. Wọ́n yọ òmíràn lápá kejì fi rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí Dókítà Frank Jobe kọ́kọ́ ṣe fún ajùbọ́ọ̀lù kan, Tommy John, ní 1974. John padà sí pápá, ó sì ń jù ú títí di 1989. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ ìtàn yẹn. Lẹ́yìn oṣù 15, bọ́ọ̀lù mi ò yá mọ́. Wọ́n pè mí sí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi dá mi sílẹ̀.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Owó ilé-ìwé wà nínú ìwé àdéhùn mi, ẹgbẹ́ ni yóò san án, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kó tó pé ọdún méjì tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Mo kà á, mo mọ̀ ọ́n. Mò ń kó ẹrù lálẹ́, mò ń ju bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri lọ́sàn-án, mò ń retí kí ẹgbẹ́ míì pè mí. Ìpè ò dé. Ọdún méjì dé.

Torí náà, ẹ béèrè iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má gba ti ẹnu. Tó bá fọwọ́ síwèé, kò lè gbá bẹ́sìbọ́ọ̀lù fún yunifásítì mọ́. Tó bá sì wọ yunifásítì ọlọ́dún mẹ́rin, wọn ò ní lè yàn án mọ́ àfi tó bá parí ọdún kẹta tàbí tó pé ọdún 21. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ o. Òun ò ní kà á.

Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọdún kejì ni mo wà ní yunifásítì, àpò ara mi ni mo fi ń san án.