Sólà Tó Ṣeé Ká: Fóòtì Rẹ̀ Pé, Síbẹ̀ Kò Gbé Fóònù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Àbúrò mi fi organic solar (sólà tí wọ́n fi èròjà bíi pílásítíìkì ṣe) ránṣẹ́ láti Jámánì, èyí tó rí pẹlẹbẹ bíi rọ́bà orí tábìlì. Inú àpò ni mo ń gbé e sí lọ oko kajú, mo sì máa ń ṣẹ́ ẹ po sí méjì kó lè wọlé. Kò tíì pé oṣù méjì tí kò ṣáájì fóònù mọ́. Bẹ́ẹ̀, tí mo bá fi míta wọ̀n ọ́n, fóòtì rẹ̀ kò dín. Kí ló ṣe é? – Òǹkàwé kan, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Okun o. Fóòtì yẹn ló tàn yín. Bí míta bá ń ka fóòtì, iná tó ń fà kò tó nǹkan, ìdènà tó wà lọ́nà kò sì ní fara hàn. Ẹ so ohun tó ń jẹ iná mọ́ sólà náà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ká ní fóòtì 6, wáàtì 5 ni wọ́n kọ sára rẹ̀: ẹ so rẹsítọ̀ oní-8 óòmù, tó lè gba wáàtì 10, mọ́ wáyà tó ti ara sólà jáde (kì í ṣe ẹnu USB), kí ẹ ka fóòtì orí rẹsítọ̀ náà lọ́sàn-án gangan nígbà tí òòrùn mú. Bí ẹ bá rí 6 tàbí ohun tó súnmọ́ ọn, ara rẹ̀ dá. Bí ẹ bá rí 3, wáàtì tó kù kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ.

Kì í sábà jẹ́ ibi tó ń gba òòrùn ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ìyẹn rọ̀, kò sì nípọn ju nǹkan bíi 0.0001 mìlímítà lọ. ITO, ìyẹn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn tó ń kó iná jọ, ló le bíi gíláàsì: tí a bá nà án tó 1 sí 2 nínú 100, ó ń sán. Ẹ fi ìbú ohun tí ẹ ká sólà mọ́ pín ìnípọn sólà náà, ẹ ó mọ bó ṣe nà tó. Èyí tó nípọn tó 0.5 mìlímítà, tí ẹ ṣẹ́ po débi pé ojú ìṣẹ́ rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 4 lọ, ti nà tó 12.5 nínú 100. Lórí páìpù oní-110 mìlímítà, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé omi ilé ìwẹ̀ jáde, kò tó 0.5 nínú 100. Ẹ má ṣẹ́ ẹ po mọ́. Páìpù yẹn ni kí ẹ máa ká a mọ́.

Ọ̀nà tí ẹ gbà ká a náà ṣe pàtàkì. Ẹ wo àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ojú rẹ̀: iná ń ti ìlà kan bọ́ sí èkejì, nítorí náà ibi tó bá sán ní gígùn ìlà ló ń dá iná dúró jù. Ẹ gbé páìpù dábùú wọn, kí sísán má bàa tẹ̀lé gígùn ìlà.

Èyí tó ti sán kò ṣeé tún ṣe. Ẹ má sì fi sísọ́ọ̀sì gé apá tó bàjẹ́ kúrò, torí ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ yóò gba etí tí ẹ gé wọlé, wọn yóò ba ìyókù jẹ́. Bí ẹ bá tún fẹ́ rà, ẹ béèrè èyí tí wọ́n fi wáyà fàdákà tín-ín-rín tàbí PEDOT:PSS (pílásítíìkì tó ń gbé iná) rọ́pò ITO, kódà bí wáàtì rẹ̀ bá kéré díẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé e lọ sóko lójoojúmọ́, ìyẹn ni mo fara mọ́.