Èsì: Bí ohun gbogbo bá pọ̀ yanturu, ṣé ojúkòkòrò yóò tán?

Ẹ béèrè bóyá ojúkòkòrò yóò kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ń ṣe gbogbo nǹkan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Lójú tèmi, rárá o. Yóò kàn pa ojú dà ni.

Lọ́dún 1930, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Maynard Keynes, sọ pé láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún, wákàtí 15 lọ́sẹ̀ lèèyàn yóò máa fi ṣiṣẹ́. Ọrọ̀ pọ̀ sí i bó ṣe sọ, wákàtí iṣẹ́ ni kò dín tó bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ti rí i pé oríṣi àìní méjì ló wà: èyí tó ń ṣe wá yálà ẹlòmíì wà tàbí kò sí, àti èyí tá a fẹ́ kìkì torí ká lè ga ju ẹnìkejì. Ti àkọ́kọ́ lópin. Ti èkejì, ta ló rí òpin ẹ̀?

Ẹ̀rọ lè kọ́lé fún gbogbo ayé, àmọ́ kò lè kó gbogbo ilé sí etí òkun kan náà. Ẹnì kan ló ń gba ipò kìíní. Àpọ́nlé ńkọ́? Ìfẹ́ ẹni tọ́kàn wa yàn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìjà yóò kó lọ, yóò sì le ju ti owó, torí owó ṣeé pín (kì í ṣe pé à ń pín in náà o).

Ẹ̀rù tó ń bà yín pé èèyàn yóò ya ọ̀lẹ bí ẹ̀rọ bá ń ṣe gbogbo nǹkan, kò bà mí. Láti 2001 làwọn èèyàn ti ń kọ Wikipedia, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n sì tún ń bára wọn fà á lórí ta ló mọ̀ jù.